Ojú Ìwé Tí Wọ́n Ní Kí N Dè Mọ́lẹ̀

Màámi,

Ẹni tó sọ fún yín pé mo na ọ̀gá mi parọ́. Tábìlì ni mo gbá, tábìlì kì í sì í ṣe èèyàn.

Èmi ni mo ṣe ojú ìwé tí àwọn aláìsàn ń ṣí lórí fóònù kí wọ́n tó rí dókítà. Ó ń bi wọ́n bóyá kí á ta ọ̀rọ̀ àìsàn wọn fún àwọn oníṣòwò. "Mo gbà" wà lókè, "Mi ò gbà" wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá ní kí n de ojú ìwé náà mọ́lẹ̀, kí ìka má lè fà á sókè mọ́, kí ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré má rí ìsàlẹ̀ rárá.

Mo ní, "Ọ̀gá, ìwà olè nìyẹn. Fóònù kékeré ni màámi ń lò."

"Ṣé màmá ẹ ló gbà ẹ́ síṣẹ́ ni?"

Ìgbà yẹn ni mo gbá tábìlì.

Àwọn òṣìṣẹ́ tá a jọ ń bú ọ̀gá lẹ́yìn ti búra pé àwọn máa gbè mí. Ẹni tó ń yàwòrán dìde, ó ní òótọ́ ni mo sọ. Ẹnì kejì ń wo bàtà rẹ̀. Mo ṣíwọ́ kíka àwọn tó gbè mí níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló bá ọ̀gá de ojú ìwé náà mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ má dààmú. Yàrá tí mo kó lọ nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi gba afẹ́fẹ́ dáadáa, kódà tí mo bá ti fèrèsé. Mo rù díẹ̀, ó sì yẹ mí.

Ẹ kí àwọn àbúrò mi. Ẹ sọ fún Bàbá pé orí kunkun tí wọ́n bí mọ́ mi ṣì wà lọ́rùn mi, kí ẹnikẹ́ni má bá mi bẹ ọ̀gá.

Ọmọ yín