Èèrí Kò Gbọdọ̀ Ládùn

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín níbi tí ẹ wà. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, àwọn tí a jọ ń gbé yàrá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ilé dákẹ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí rí, mo fà á ya, nítorí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ẹni tí kò ní fèsì. Ṣùgbọ́n ta ni kí n sọ ọ́ fún bí kò bá ṣe ẹ̀yin?

Wọ́n gbà mí sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn elétò ìlera ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Lẹ́yìn àdúà ogójì yín ni ìwé náà dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ aṣọ funfun wọn, mo dúró níwájú dígí títí, mò ń retí ọwọ́ tí yóò bá mi tún kọ́là ẹ̀yìn ọrùn ṣe. Ẹ ò ní gbàgbé bí mo ṣe rí. Bí olùkọ́ bá béèrè nǹkan, mo máa ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kí n tó nawọ́, ẹlòmíràn á ti dáhùn. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé àṣìṣe ni wọ́n fi mú orúkọ mi.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún àwa ọlọ́dún kìn-ín-ní ni pé kí kálukú padà sí àdúgbò rẹ̀, kó bá àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ tó ń mú ọmọ lókun. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tiwa ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ mi. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ṣé inú yín ì bá dùn, Màámi, àbí ẹ̀rín ni ẹ ì bá rín?

Ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí ni Múfútáù, ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi Sàfúrátù. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn yín ló máa ń sùn sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú ló ti ń rù. Irun rẹ̀ ń pọ́n bí irun orí àgbàdo, bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì ń ṣeré, ó máa ń jókòó wò wọ́n ni. Ìlú le, mílíìkì agolo ti kúrò ní ohun tí wọ́n lè máa rà. Ìyá ọkọ Ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi òfin dè é pé wọn ò gbọdọ̀ fún un lẹ́yin jẹ, kó má baà dolè. Ògì lásán ló kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbá ẹ̀wà sóyà mú, tí wọ́n kọ́ wa pé ó lè rọ́pò ẹyin àti mílíìkì, tí mo rà á ní Ọjà Igbó kí n tó wọ mọ́tò, tí mo gbé e lé itan títí dé Ọ̀yọ́.

Iwájú ilé ìwòsàn kékeré yẹn ni a ti ń pàdé, níbi tí wọ́n so ìwọ̀n kọ́ sí, tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ ọmọ bọ àpò tó rí bíi ṣòkòtò. Ìyá Wàsíù, tí ẹ jọ máa ń sẹ́ ògì, rí mi, ó ní ọmọ ológì wá fi ògì hàn wọ́n. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ka ohun tó wà nínú ìwé mi fún wọn: kí wọ́n ṣa sóyà, kí wọ́n sè é, kí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kí wọ́n pò ó mọ́ àgbàdo tí wọ́n rẹ, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ìwé náà parí sí, ibẹ̀ lèmi náà parí ọ̀rọ̀ sí.

Wọ́n ṣe é o. Àwọn ìyá yẹn gbìyànjú ju bí mo ṣe rò lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tún wọn àwọn ọmọ, Múfútáù ò kúrò níbi tó wà. Ìyá ọkọ Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ káàkiri pé ẹ̀wà àjèjì ló ń fa ọmọ òun gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ò pariwo mọ́ mi. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó ní, "Torí Màámi ò sí mọ́ ni mo ṣe ń gbọ́ tìrẹ. Bí kò bá wúwo sí i lọ́tẹ̀ tó ń bọ̀, mi ò wá mọ́." Ìyá Wàsíù fẹ́ dá a lára yá, ó ní ewúrẹ́ ilé wọn ń kí mi, pé ara wọn ń dán, wọ́n ní ẹ̀kọ́ mi yé àwọn. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ti wà lójú mi.

Nígbà tí a délé, Ẹ̀gbọ́n mi jókòó ti asẹ́, ó ń sẹ́ ògì. Ó da èèrí tó kù lójú asẹ́ sínú abọ́ fún ewúrẹ́, wọ́n sì ń ti ara wọn síbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Ọwọ́ yín ni mo ń rí. Ẹ máa ń fi orí ìka bu èèrí, ẹ ó tọ́ ọ wò, bó bá ṣì dùn, ẹ ó tún da omi sí i, ẹ ó tún un sẹ́. Ẹ máa ń ní èèrí kò gbọdọ̀ ládùn, ewúrẹ́ kọ́ ni ẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu díẹ̀ sẹ́nu.

Màámi, ó dùn. Ó kún fún sóyà. Aṣọ asẹ́ ló ń dá a dúró, ṣebí kò sí obìnrin Ọ̀yọ́ tí í lọ ògì tí kò ní sẹ́ ẹ? Ìwé ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ asẹ́ yín ńkọ́?

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ewúrẹ́ ló ń jẹ oúnjẹ Múfú."

Ó wò mí, ó tọ́ ọ wò. Ó ní, "Màámi ì bá ti gbá wa létí." Ìgbà yẹn la wá jọ sunkún yín dáadáa, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún wọn pé mo fo nǹkan kan. Kí wọ́n sẹ́ ògì àgbàdo lọ́tọ̀ bí wọ́n ti ń ṣe é. Kí wọ́n lọ sóyà lọ́tọ̀ kó kúnná dáadáa, kí aṣọ má kàn án, inú ìkòkò ni kí wọ́n ti pò wọ́n pọ̀ bí wọ́n bá ń se ẹ̀kọ. Ìyá Wàsíù ní háà, ewúrẹ́ òun á ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóun ṣe lè ṣe é tí kò fi ní jóná nísàlẹ̀.

Àná la tún wọn wọ́n. Múfútáù wúwo sí i díẹ̀, kò ju díẹ̀ lọ. Irun rẹ̀ ṣì pọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí bóyá ó wúwo sí i, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kíá ló pọ̀n ọ́n, bí ẹni pé ìwọ̀n lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́tẹ̀ mìíràn.

Kí lẹ ń fi sí ògì tiwa nígbà tí a wà ní kékeré, Màámi? Ṣé ẹ̀yin náà ń jẹun yó? Mi ò béèrè rí.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó wọ mọ́tò, mo lọ síbi abọ́ ewúrẹ́. Mo fi orí ìka bu èèrí, mo tọ́ ọ wò bíi tiyín. Kò sí adùn kankan nínú ẹ̀ mọ́. Àwọn ewúrẹ́ dúró, wọ́n ń wò mí.

Kí Ọlọ́run fi àyè ìtura fún yín.

Èmi ọmọ yín tó ṣì ń fi ọwọ́ yín tọ́ nǹkan wò.