Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tó Mú Ẹsẹ̀ Mi Wú

Ọmọ mi àtàtà, ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Bàbá rẹ ń kí ọ. Inú ń bí mi o, n ò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Ìwọ lo ní kí n lọ yẹ ara mi wò. Mo lọ. Nọ́ọ̀sì we aṣọ kan mọ́ mi lápá, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ, aṣọ náà wá ń fún mi bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Mo ní ta ni wọ́n máa fún lápá báyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní ru? Ó ní kí n ṣáà máa lo oògùn lójoojúmọ́.

Mo lò ó, àfi bí ẹsẹ̀ mi méjèèjì ṣe wú. Èmi aránṣọ, n ò lè tẹ maṣíìnì mọ́, sálúbàtà bàbá rẹ ni mò ń wọ́ kiri, ó sì ń fi mí rẹ́rìn-ín. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni mo gbà, ta ló rán an sí ẹsẹ̀? Ni mo bá dá a dúró, n ò sọ fún ẹnì kankan. Ẹsẹ̀ mi padà sí bó ṣe wà, àfi àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń gé ṣòkòtò oníbàárà, ojú mi ṣú, mo sì ṣubú lu tábìlì. Bàbá rẹ tó ń rẹ́rìn-ín ló gbé mi dé ọsibítù, ẹ̀rù ò jẹ́ kó lè sọ orúkọ mi fún wọn.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló wá là á yé mi pé oògùn tí mo dá dúró ló jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ mi tún ru. Ó ní àwọn iṣan kan wà lára tó tín-ín-rín ju òwú lọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń gba inú wọn. Tí wọ́n bá fún pọ̀, tipátipá ni ẹ̀jẹ̀ fi ń kọjá. Oògùn ń jẹ́ kí wọ́n fẹ̀, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ lè jò jáde, kó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ó ní ká ní mo padà wá sọ ni, wọn ì bá ti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ báyìí, mo ti ń ránṣọ.

Kí ló dé tí kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Mo bi í. Ó ní kí n má bínú, pé ìbínú ò dáa fún ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn tún bí mi nínú.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn tuntun ránṣẹ́. Má fi sínú fóònù bàbá rẹ, tó bá dún kì í gbé e, kí owó má baà dà nù. Ìwọ náà lọ yẹ ara rẹ wò, nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè ti inú ìdílé wá. Gbogbo ọ̀nà tóóró tí ẹ̀mí rẹ ń gbà, kò ní dí láéláé.

Èmi ni, ìyá rẹ.