Eré Kòdúró Wà Nínú Fóònù

Ọmọ mi àkọ́bí, Kóòṣì àgbà,

Mo kí ọ o. Mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, mo sì kí gbogbo àwọn sárésáré tí ò ń kọ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, o kò ní fi ẹsẹ̀ kọ, àwọn ọmọ tí wọ́n fà lé ọ lọ́wọ́ kò ní fi ẹsẹ̀ rọ́ lójú rẹ. Àmín. Ìyá rẹ ní kí n kọ àmín tòun náà síbẹ̀ kó má baà dà bíi pé òun kò gbàdúrà fún ọ, nítorí náà, àmín.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi. Fara balẹ̀. Kò sọnù, kò fọ́, mi ò sì tà á. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo fi aṣọ tó mọ́ wé e, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ báyìí, títí kan èmi alára. Ohun tí fóònù náà ṣe ni mo fẹ́ ròyìn fún ọ. Ìkánjú ni mo fi ń kọ ọ́, bí o bá rí ọ̀rọ̀ tó wọ́, má rò pé ogbó ló dé.

Ara ìyá rẹ le. Adìẹ dúdú rẹ̀ ti yé ẹyin sínú èérún pákó ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì ti sọ ibẹ̀ di ilé rẹ̀, mi ò lè gbé ayùn mọ́ kó má bú mi. Àga tí mo ń kàn fún ọ̀gá ilé-ìwé ṣì ku ẹsẹ̀ kan. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, ẹ̀kọ́ tí o fi orúkọ mi sí ni. Láti ìgbà tí kóòṣì ilé-ìwé ti kó lọ, tí ọ̀gá ní kí èmi káfíńtà máa bójú tó àwọn ọmọ tó ń sáré ọ̀nà jíjìn nítorí pé ohùn mi ló máa ń ròkè jù létí pápá, tí ìwọ náà sì ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ kóòṣì lórí fóònù kí n má baà ba ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, mi ò tíì sùn dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ni mí, pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa lé mi.

Ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó rẹ, mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo sì kí olùkọ́ pé ẹ káàárọ̀ mà. Kò dáhùn. Mo tún kí i, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ìyá rẹ ní bóyá ẹnu ọ̀nà ló yẹ kí n ti kí i, mo bá jáde, mo kan ilẹ̀kùn, mo tún wọlé, kò tilẹ̀ wojú mi. Mo wá ń rò ó pé ó ti mọ̀ pé mi ò ní yege ni.

Àfi bó ṣe tẹ nǹkan kan lójijì! Háà, ọmọ mi, kí ló dé tí o kò kìlọ̀ fún mi? Egungun èèyàn jáde sí mi, láti agbárí títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, kò sí awọ, kò sí ẹran, ó sì ń sáré! Mo fi fìlà bo fóònù. Ìyá rẹ ti dé ìdí kànga kó tó bojú wẹ̀yìn. Láti ọ̀hún ló ti ń bi mí pé bí àwọn tí kò ní ẹran lára mọ́ bá tún ń sáré, kí ni wọ́n ń sá fún?

Nígbà tí mo ṣí fìlà díẹ̀, olùkọ́ ń sọ pé gbogbo ìgbà tí sárésáré bá fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, ẹrù tó ń bọ́ lé ẹsẹ̀ yẹn ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ, ó tó ti èèyàn méjì, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo jáde lọ wo àbúrò rẹ, Kòdúró. O mọ̀ ọ́n, bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, eré ni, bó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, eré ni, òun náà ló sì tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀ yẹn. Mo bi í pé ta lẹni kejì tó ń gbé sáré kiri. Ó ní Bàbá, ṣé ara yín yá báyìí? Mo ní kó dá mi lóhùn. Ó ní àfi tó bá jẹ́ ìyá òun, nítorí pé ohùn wọn ni òun máa ń gbọ́ lẹ́yìn òun ní gbogbo ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e tún ya ni lẹ́nu ju ìyẹn lọ. Olùkọ́ ní ìsinmi wà lára eré sísá, pé ìgbà téèyàn bá ń sinmi ni egungun ń tún ara rẹ̀ ṣe, àti pé bí a bá ń fi eré kún eré lójijì kí ara tó mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ìpalára ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àṣé wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti kọ́ ọ ní ìsinmi! Ìyá rẹ ní kí n sọ fún wọn pé mo ti yege nínú ìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ òun. Olùkọ́ tún ní kí wọ́n má máa na ẹsẹ̀ jìnnà síwájú, kó máa balẹ̀ lábẹ́ ara, kí ìṣísẹ̀ kúrú kó sì yá. Mo sá a kí àwọn ọmọ rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan dùbúlẹ̀ sínú koríko. Kòdúró ní mo dà bí ẹni tó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yí padà nìyí. Wọ́n fún wa ní iṣẹ́ àmúrelé pé kí a ya fídíò sárésáré kan láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, kí a sì wò ó ní jẹ́jẹ́. Onígbàjámọ̀ tó dojú kọ ilé wa, tó máa ń bá mi ṣáàjì fóònù, ló fi ibi tí màá tẹ̀ hàn mí. Mo tẹ̀ ẹ́, Kòdúró sá kọjá níwájú mi fìrì, bó ṣe máa ń sá a. Mo gbé e padà fún onígbàjámọ̀ pé kó jẹ́ ká wò ó.

Ọmọ mi, orí mi wú! Kòdúró tó sá fìrì yẹn, nínú fóònù, ó ń bọ̀ bí ẹni tó ń rìn nínú omi tó mù ún dé àyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á gòkè, á dúró sókè bí ẹni ń ronú, kó tó padà wálẹ̀. Kódà eruku tó ta ń sinmi nínú afẹ́fẹ́. Mo figbe ta pé fóònù ti fa eré kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ mi. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín débi pé abẹ rẹ̀ yẹ̀, ó lànà sí àárín orí oníbàárà, ọkùnrin yẹn kò ṣí fìlà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní Bàbá Kóòṣì, fóònù kò mú nǹkan kan, ó kàn ń rọra fi hàn yín ni. Mo ní bí kò bá mú nǹkan kan, eré tó kù dà?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọkàn mi lè balẹ̀, mo ní kó sáré dé ìdí igi tó wà ní ìparí pápá. Kò dé ìdajì ọ̀nà. Ó dúró! Kòdúró tiwa yìí, ó dúró, ó jókòó sílẹ̀, ó di ojúgun ẹsẹ̀ òsì mú, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Mo sáré lọ bá ìyá rẹ pé ó ti parí, fóònù ti gbé e lọ tán.

Ìyá rẹ sáré tẹ̀ lé mi padà sí pápá. Ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ náà, ó sì bá àkísà tó fi di ojúgun rẹ̀ pinpin lábẹ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan tẹ ibẹ̀, Kòdúró ké. Ó wá jẹ́wọ́ pé ó ti ń dun òun tipẹ́ kí fóònù tó ya òun, pé tẹ́lẹ̀ bí òun bá ti sáré díẹ̀, á rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí kì í rọlẹ̀ mọ́, àní ó ń dun òun lórí ibùsùn. Àṣé bí mo bá ti tú wọn ká pé kí wọ́n lọ sinmi, òun á tún dá lọ sá tirẹ̀. Mo bi í pé kí ló lé e. Ó ní ọ̀gá ilé-ìwé ńlá kan ní ìlú rẹ ń bọ̀ wá wo eré ìje ilé-ìwé àwọn, wọ́n á mú ọmọ kan lọ, wọ́n á máa kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, òun sì fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun. Ó ní bí òun bá sọ̀rọ̀, a ó ní kí òun dúró ni.

Mo tún gbé fídíò náà wò, ìyá rẹ di apá aṣọ mi mú kí n má baà jù ú nù. Ó wà níbẹ̀ kedere. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì bá balẹ̀, ìbàdí ọ̀tún á jìn, orúnkún á fà sínú, á sì yára gbé ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó tẹ iná. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó, mi ò rí i rí. Ìyá rẹ ní ariwo ni mò ń pa, n kì í wò.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ní ó ṣeé ṣe kí egungun náà ti máa sán, pé àfi kí a lọ ya àwòrán rẹ̀ kí dókítà tó lè mọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sáré, kò gbọdọ̀ fò, bó bá sì sá eré ìje yìí, egungun lè kán sójú ọ̀nà. Mo bi í bóyá egungun tí wọ́n bá yà náà máa sáré. Ó ní rárá, yóò dúró jẹ́ẹ́. Ìyá rẹ ní òun á bá wa lọ nígbà náà.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́, ó wá. Ó ní Kòdúró nìkan ni ilé-ìwé gbójú lé, pé kóòṣì àná ì bá fi ìpara róòbù ra ojúgun rẹ̀, kó sì máa sá lọ. Ó ní ṣé dókítà ni mí? Ó ní àga lásán tí òun gbé fún mi, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ṣì ní, èmi ni mo wá ń dá ẹjọ́ ẹsẹ̀ ọmọ èèyàn. Kò parọ́. Mo kàn ní Kòdúró kò ní sá a. Mo ní láti tún un sọ nítorí pé ohùn mi kò jáde ní àkọ́kọ́, èmi tí wọ́n torí ohùn mú ṣe kóòṣì.

Wọ́n sá eré náà. A gbọ́ ariwo rẹ̀ láti inú ilé. Kòdúró kọjú sí ògiri. Ó ní èmi nìkan ni bàbá tó ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó má ṣe gba ipò kìn-ín-ní, láti ìgbà náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, adìẹ dúdú ló ń kí láràárọ̀. Ṣé mo ṣe é dáadáa, Kóòṣì? Ìwọ lo mọ̀, sọ fún mi.

Ohun tó kó mi láyà jẹ jù ni pé onígbàjámọ̀ ní àyè ti tán nínú fóònù, kí òun pa fídíò kan rẹ́ nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà lórí ti Kòdúró! Mo já a gbà. Ìdí tí mo fi tì í mọ́ àpótí nìyẹn. Mo kàn máa ń gbé e jáde láti ṣáàjì ẹ̀, màá sì jókòó tì í títí iná rẹ̀ á fi kún, kí eré rẹ̀ má baà kú sínú rẹ̀. Bí egungun rẹ̀ bá ti jiná, kí o wá bá wa tẹ ibi tó yẹ, kí eré náà padà sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kí ọ̀gá ilé-ìwé ńlá yẹn náà wò ó lọ́dọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó wò ó púpọ̀ kó má baà dínkù.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ àti owó àwòrán egungun ránṣẹ́ sí wa kíákíá, bó bá sì ṣẹ́ kù, kí n fi ra pákó ẹsẹ̀ àga ọ̀gá. Bá mi kí olùkọ́ mi, sọ fún un pé mi ò bínú.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Kòdúró fẹsẹ̀ kan tiro jáde, ó rí mi tí mo ti gbé fóònù jáde wá ṣáàjì níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí mo jókòó tì í. Ó ní Bàbá, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀? Mo ní ó wà níbẹ̀, ó kún. Ó jókòó tì mí, ó na ẹsẹ̀ òsì náà sórí itan mi, àwa méjèèjì sì jọ ń ṣọ́ ọ.

Egungun tó gbé ọ dúró kò ní sán, ọ̀nà rẹ yóò tẹ́jú, o ó sinmi kó tó rẹ̀ ọ́, ẹsẹ̀ tí a dá dúró nílé yìí yóò sì sá wá bá ọ ní ìlú. Àmín. Kòdúró ní kí n kọ tòun náà síbẹ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní.