Àwọn Tí Òróòro Kò Pa

Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Alápatà gbé òróòro màlúù wá, ike méjì. Gbogbo láàbù ń rùn. Ọ̀gá — Aláìṣìṣe ni mo ń pè é níbí — ní ọṣẹ inú ìfun ni òróòro, kò sí kòkòrò àìfojúrí tó lè là á já. Ó fẹ́ fi ṣe oògùn fún àwọn tí ìfun wọn wú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ gbé e mì. Ó ti rù kan eegun.

Ìṣẹ́gun, 4
Kòkòrò inú ìfun ẹni tára rẹ̀ dá: òróòro pa wọ́n ráúráú. Ti àwọn aláìsàn: wọ́n ń bí sí i, bí ẹni pé ọbẹ̀ la bù fún wọn.

Ọjọ́rú, 5
Aláìṣìṣe ní ọwọ́ mi ló dọ̀tí.

Ẹtì, 7
Mo fọwọ́ títí awọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé, ibì kan náà ló já sí. Mo fi tàdáwà sí wọn kí wọ́n lè hàn, mo wò wọ́n nínú maikirosíkóòpù: ẹ̀wù ara wọn nípọn ju ti àwọn tó kú lọ. Ìyà inú ìfun tó wú ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Aláìṣìṣe ní àlejò tó máa yẹ oògùn náà wò ń bọ̀, òun sì ti tẹ̀wé pé gbogbo wọn kú. Kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. — Àwọn kòkòrò ò tíì ka ìwé yẹn, ọ̀gá. (Inú mi ni mo ti sọ ọ́.)

Àbámẹ́ta, 8
Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má gbé e mì. Inú bí i: "Ṣé o mọ̀ ju ọ̀gá rẹ lọ ni? Àbí o fẹ́ kí n kú sórí ibùsùn yìí?" Mo fọ aṣọ rẹ̀, mo wá sílé.

Ajé, 10
Mo kọ ohun tí mo rí sínú ìwé iṣẹ́. Mo buwọ́ lù ú.

Ọjọ́bọ̀, 13
Àlejò dé. Dókítà àgbà kan, obìnrin, ló ṣáájú wọn. Aláìṣìṣe sọ̀rọ̀ títí. Màmá náà ní, "Ẹ jẹ́ ká rí àwọn òkú náà." Mo gbé àwo jáde, mo gbé ìwé iṣẹ́ tì í. Kòkòrò ti bí débi tó fi hàn sójú lásán, ó kún àwo náà bámú. Màmá kà á tán, ó gbójú sókè. Òógùn bo Aláìṣìṣe. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì péré. Ó ní, "Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú ara yín rí nìyẹn, mà. Èmi ni mo ní kí ọmọ yìí tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Oògùn wọgbó — ẹnikẹ́ni ò ní gbé e mì.

Àbámẹ́ta, 15
Dókítà ẹ̀gbọ́n mi sọ fún un pé ọ̀gá mi ló rí i pé oògùn yẹn ì bá tún dá kún ìnira rẹ̀ ni. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó jẹun díẹ̀ lónìí. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, èèyàn gidi tó dá ẹ̀mí òun sí, kí n sì máa fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Mo ní mo ti gbọ́. Mo bu omi fún un mu.