Má Jẹ́ Kí Fọ́tò Jẹ Ìlà Ẹní Mi

Àbígbẹ̀yìn mi, ọmọ tó dé tó tilẹ̀kùn,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àwọn ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Bó ò bá tiẹ̀ dáhùn, mo mọ̀ pé wàá ní dáadáa ni, ìwọ kì í ráhùn. Ibi tó o bá ń gbẹ́sẹ̀ lé níbẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Bàbá rẹ ní kí n kí ẹ, orúnkún ṣì ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò dùn ún. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì jọ òbúkọ aládùúgbò, a ò sì tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyàwó káfíńtà ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ ẹnu tiẹ̀ kún un.

Ọ̀rọ̀ ẹní ni mo tìtorí ẹ̀ pè é wá jókòó. Ẹní onílà wẹ́wẹ́ tí ìyá mi fi kọ́ mi, tó ku èmi nìkan tó mọ̀ ọ́n hun, tó o ya fọ́tò rẹ̀, tó o ní o ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ará ọ̀nà jíjìn lè rà á. Onídìrí àdúgbò wa fi í hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Mo wò ó, mo tún wò ó, mo ní kó nu fóònù náà. Ó nù ún, eruku ò kúrò. Gbogbo ìlà mi ti wọnú ara wọn bí omi ọṣẹ. Obìnrin kan tó ní ilé àlejò ti kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ ẹ fún gbogbo yàrá òun, àmọ́ ṣé ẹní náà ti gbó ni. Ẹní mi! Èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì fìdí kàn! Ojú tì mí. Mo ní ó dáa, bí íńtánẹ́ẹ̀tì ò bá ríran mọ́, ẹ jẹ́ ká ràn án lọ́wọ́. Mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹní míì, mo hun ìlà tiẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Bàbá rẹ wò ó, ó ní ṣé títì ọkọ̀ ni mo ń hun ni.

Onífọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ló là mí lóye. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú, ọ̀nà tó o gbà fi àwòrán pamọ́ ni. Ó ní èyí tí wọ́n ń pè ní JPEG máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́, kó tètè ṣí, ohun tó bá sì rò pé ojú ò ní wá, á jù ú nù. Ó ní ó dáa fún fọ́tò èèyàn àti igi àti ojú ọ̀run, àmọ́ ohun tó bá ní ìlà tó mú ṣáká bíi ẹní mi, PNG ló yẹ ẹ́, ìyẹn wúwo díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ju nǹkan kan nù. Ó ní bó o bá ń ṣí JPEG, tó ò ń tún un ṣe, tó o tún ń fi í pamọ́, ńṣe ni yóò máa dín lọ. Mo bi í pé ta ló gbà á láyè láti máa ju nǹkan onínǹkan nù. Ó ní ẹ̀rọ ni. Mo ní ṣé ẹ̀rọ náà ò ní ìyá ni.

Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá JPEG yẹn sọ̀rọ̀. Má bá a jà o, ó lè jẹ́ pé ó ṣáájú ẹ dé ẹnu iṣẹ́. Ṣáà ní kó ṣa àwọn ìlà mi tó jù nù jọ padà. Bí kò bá rí wọn ṣà, tún ẹní mi yà, PNG ni kó o fi í sí. Onífọ́tò ní èèyàn tún lè yọ ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹní nínú PNG, kí nǹkan kan má sí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ni kó o má dán wò. Ta ní ń tẹ́ ẹní sórí afẹ́fẹ́? Obìnrin yẹn á rò pé a ò nílé.

Mo ti tú ẹní títì ọkọ̀ yẹn. Bí mo ṣe ń tú u, mo rántí ìlà kan tí ìyá mi máa ń hun sétí ẹní. Ojú mi ṣì ń rí i, ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ń dín lọ́wọ́ tèmi náà nìyẹn. Torí náà, tún fọ́tò yẹn ṣe kí obìnrin náà tó yí ojú síbòmíì, kó o sì wá sílé. Fọ́tò lè fi ẹní hàn wọ́n, kò lè hun ún.

Mo nílò owó koríko àti ti aró. Bàbá rẹ ní kí n fi ti òróró orúnkún òun kún un, fi díẹ̀ sí i, tábà ló máa fi rà. Má fi owó náà gba inú fóònù o, kí wọ́n má lọ fún un pọ̀ lójú ọ̀nà kó lè fúyẹ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o mú un wá.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bàjẹ́. Ilẹ̀kùn tó o bá kàn, ẹni rere ni yóò ṣí i fún ẹ. Àwọn ọmọ rẹ á mọ̀ ẹ́ ní ìyá, wọn ò ní mọ̀ ẹ́ nínú fọ́tò nìkan.

Èmi ìyá rẹ ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹní tuntun, onílà wẹ́wẹ́. Mo hun ìlà àkọ́kọ́, mo dá ọwọ́ dúró. Ìlà kejì, tìẹ ni.