Yàrá Tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Sin Mí Sí

Èmi, Sámúẹ́lì Àtàndá Oyèwọlé, ọmọ bíbí ìlú Ẹdẹ, olùkọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé, ojú mi ríran, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Dókítà gbọ́ àyà mi lóṣù tó kọjá, ó ní kò lù déédéé mọ́. Mo ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi ni láti mọ ohun tó ń lù déédéé yàtọ̀ sí èyí tí kò lù déédéé. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ tẹ́lẹ̀, mo fagi lé e.

Alámòójútó ìhágún mi ni ẹ̀gbọ́n mi, Afọlábí Oyèwọlé, olórí ẹbí wa, àti Kẹ́hìndé Ọlátúnjí, tí mo kọ́ níwèé, tí òun náà sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì báyìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì kì í wọ̀. Ẹ fara dà á nítorí mi.

1. Ilé mi tó wà lójú ọ̀nà Awo, mo fi í sílẹ̀ fún ìyàwó mi, Sàrátù, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di ti Olúfúnkẹ́, ọmọ wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ Sàrátù, àwọn ará ìjọ mi ń kùn, àwọn ará ilé rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ń kùn. Bàbá rẹ̀ pè mí, wọ́n ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo bu omi kún ife, mo fi pépà bò ó lẹ́nu, mo dorí rẹ̀ kodò, omi kò sì dà. Bàbá wò ó títí. Wọ́n ní ẹni tó lè mú omi dúró láìdè é lókùn, ó lè mú ọmọ àwọn dúró. Mo fẹ́ràn Sàrátù lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yéé fi ife ìdánwò mi bu iyọ̀.

2. Yàrá iwájú ilé náà kò sí nínú ogún ẹnikẹ́ni. Ti àwọn ọmọ ilé-ìwé ìlú yìí ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọmọ mọ́ṣáláṣí. Kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ máa wà ní ṣíṣí fún wọn láti wá dán ẹ̀kọ́ físíìsì wò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé bó ti wà láti ìgbà tí ìjọba ti sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ti sọ fún mi pé inú yàrá yẹn ni ẹ ó gbẹ́ ilẹ̀ sí fún mi, nítorí pé ẹni tó kọ́lé, inú ilé rẹ̀ ni à ń sin ín sí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bàbá wa. Ahunṣọ ni wọ́n, a sì sin wọ́n sínú yàrá ìhunṣọ wọn, ní ìdí òfì wọn gan-an. Kò pẹ́ tí àwọn ìyàwó ilé fi ní a kì í pariwo lórí Bàbá, a kì í gba àyà wọn kọjá. A gbé òfì lọ sẹ́yìnkùlé, òjò pa á, ó jẹrà. Lónìí, kò sí ọmọ kan nínú agboolé wa tó mọ aṣọ hun. Nígbà tí mo sọ èyí níwájú ẹbí, inú bí yín, ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi bí Olúfúnkẹ́. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni ẹ gbé oyin wọlé, ẹ sì kí mi bí ẹni pé àná la ríra. N kò gbàgbé oyin yẹn.

3. Òòfà, dígí, bátìrì, ìwọ̀n, àti òkúta tí mo fi okùn so rọ̀ láti àjà, Kẹ́hìndé ni kó máa tọ́jú wọn. Kò gbọdọ̀ tì wọ́n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n sì fọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, lẹ́yìn náà kó dán an wò. Ẹni tó bá ṣì í, ẹ má nà án. Ẹni tó bá ní òun rí ohun tí kò rí, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, òun ni kẹ́ ẹ bá wí.

Nígbà tí àwọn Faransé yin àdó olóró átọ́míìkì wọn ní aṣálẹ̀ Sàhárà lọ́dún tó kọjá, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku sì bo gbogbo tábìlì kíláàsì. Olúfúnkẹ́ dìde, ó bi mí bóyá májèlé àdó náà wà nínú eruku yẹn. Mo ní n kò mọ̀, a kò sì ní ẹ̀rọ tí a lè fi mọ̀. Ó ní ta ni yóò wá ṣe é fún wa? Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn. A ti gba òmìnira, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí a kò bá lè yẹ eruku orí tábìlì ara wa wò, ó kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí yóò ṣe ẹ̀rọ náà lè wà nínú àwọn tó ń wá ní Sátidé.

4. Ewúrẹ́ mi, èyí tó jẹ ìwé ìdánwò kíláàsì kẹta, ti Ìyàndá aládùúgbò mi ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló kúkú ń sùn.

5. Kẹ̀kẹ́ mi, mo fi í sílẹ̀ fún ẹ̀yin, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa ń sọ pé ó ga jù. Mo ti rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀.

6. Ẹ sin mí sí iwájú ìta, níbi tí àwọn ọmọ ti ń na ọ̀pá ró lọ́sàn-án láti wo òjìji. Kí bíríkìlà ṣe orí sàréè náà ní pẹrẹsẹ, kó da omi sí i wò bóyá ó tẹ́jú dáadáa, kó sì dá ihò kékeré sí àárín rẹ̀ fún ọ̀pá. Ẹ má mọ ògiri yí i ká. Bí àwọn ọmọ bá gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má lé wọn. Mo mọ̀ pé ó lè dùn yín, ẹ̀gbọ́n mi, kí ọmọ ọlọ́mọ máa dúró lé àyà àbúrò yín. Èmi ni mo bẹ̀ yín.

Kí n tó fọwọ́ sí ìwé yìí, mo kà á sétí ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìjókòó kẹ̀kẹ́ yẹn kò pọn dandan. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí pé àwọn fúnra àwọn ni yóò máa di ọ̀pá náà mú, kó lè dúró ṣánṣán fún àwọn ọmọ.

Mo kọ ọ́, mo sì fọwọ́ sí i ní Ẹdẹ, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹjọ, ọdún 1961.

Sámúẹ́lì Àtàndá Oyèwọlé

Ojú wa ló ti fọwọ́ sí i, àwa náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀:
Olúwatóyìn Adéyẹmí, olùkọ́
Fàsílátù Àjọkẹ́, oníṣòwò