Ínṣì Méjì, àti Ẹni Tí Yóò Tọ́ Ọ̀gá

Èmi, télọ̀ ojúlé kejì, aya awakọ̀ akẹ́rù, ìyá ọmọ tí a ń pè ní Ọ̀gá, tí orúkọ mi ní kíkún wà nínú àpòòwé tí mo lẹ̀ mọ́ ìwé yìí, ń kéde pé orí mi pé, ojú mi dá, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi. Eyín mi kan lẹ́yìn lọ́hùn-ún nìkan ni kò pé. Dókítà eléyín yóò yọ ọ́ lọ́la. Ó ní kì í pa ènìyàn. Mo bi í bóyá kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí, ó kàn rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé ìhágún yìí.

Ọkọ mi àti olùkọ́ tó ń gbé lókè wa ni alámòójútó rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ mi nìkan kà á, á sunkún, á sì gbàgbé ibi tó kà á dé.

1. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi di ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Kò mọ aṣọ rán, ṣùgbọ́n òun ló bá mi gbé e kúrò nílé ìyá wa, kò sì yéé sọ pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ tòun. Òótọ́ ni.

2. Ológbò di ti àbúrò ọkọ mi, tó ń tún fóònù ṣe. Àwọn méjèèjì kì í sùn nílé.

3. Téèpù ìwọn tó wà nílé, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jó o. Ọ̀gá, ọmọ oṣù mẹ́wàá, ti gé ínṣì méjì àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ. Nítorí ọmọ, ilé ni mo ti ń wọn oníbàárà. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń gé aṣọ, pẹ̀lú téèpù tó pé. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ ogójì, téèpù ilé á ní méjìlélógójì, n kò sì fura fún oṣù kan gbáko. Aṣọ gbogbo wọn fẹ̀ jù. Àwọn oníbàárà yòókù bínú, mo sì tún tiwọn rán. Ìyàwó káfíńtà nìkan ló bú sí ijó. Láti oṣù mẹ́ta ló ti ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ kí ó lè dín sísanra kù. Nígbà tí aṣọ náà ṣò ní ìbàdí rẹ̀, ó dì mọ́ mi, ó ní ìyà òun kò já sí asán, ó sì pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù nínú pálọ̀ mi. Mo ní ẹ kú oríire. Ohun tí mo sọ nìyẹn, Ọlọ́run gbọ́.

4. Ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún nínú méje ni ọkọ mi ń wà lójú ọ̀nà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ bá a tọ́ ọmọ yìí. Ẹni mẹ́ta ló wà. Kí n lè mọ irú ènìyàn tí wọn yóò fi ọmọ mi ṣe, mo gbé ọ̀rọ̀ ìyàwó káfíńtà síwájú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un ni, àbí kí n panu mọ́? Olùkọ́ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jà lórí irú èyí tipẹ́: àwọn kan ń wo òfin, àwọn kan ń wo àbájáde, àwọn kan ń wo ìwà. Mo ní wọn ì bá má wulẹ̀ dààmú, gbogbo wọn ló pé sínú ẹbí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Bí gbogbo télọ̀ bá ń purọ́ ìwọn, ta ni yóò tún gba téèpù gbọ́? Kí n lọ jẹ́wọ́ kíá. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Àmọ́ òun náà ló sọ fún ọkọ mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa pé mo ti fẹ́ràn ẹlòmíràn rí, nítorí pé wọ́n bi í. (Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà eléyín ni ẹlòmíràn náà. Ọkọ mi, má bínú, òun nìkan ni dókítà eléyín tó wà ládùúgbò.)

Àbúrò ọkọ mi ní kí n panu mọ́: inú ìyàwó dùn, inú káfíńtà dùn, inú ìyá orí fóònù dùn, ta ló wá sunkún? Mo fẹ́ràn ìṣirò yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n òun ló gbé kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti Ọ̀gá kiri fún obìnrin tó bí ìbejì, ó ní ayọ̀ ọmọ méjì ju ti ẹyọ kan lọ. Bí ó bá pàdé ìyá ìbẹ́ta, Ọ̀gá gan-an lè bá a lọ.

Ìyá ọkọ mi kò ní kí n ṣe é, kò ní kí n má ṣe é. Wọ́n bi mí pé irú ènìyàn wo ni mo fẹ́ kí ọmọ mi máa wò dàgbà. Mo bínú. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn: nígbà tí Ọ̀gá ń wúkọ́, mo bi wọ́n bóyá kí n fún un lóògùn, wọ́n ní kí ni ìyá onísùúrù yóò ṣe. Èmi kò béèrè ìyá onísùúrù, oògùn ni mo béèrè. Nítorí rẹ̀, oṣù mẹ́rin la fi ń kí ara wa láti ẹnu ọ̀nà lásán.

Síbẹ̀, ìbéèrè wọn kò jẹ́ kí n rántí eyín mọ́. Kí Ọ̀gá gbọ́ òfin lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, kí ó kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ àbúrò ọkọ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá ọkọ mi ni mo fi í sí. Màmá, ẹ gbà á. Bí ó bá ń wúkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un lóògùn.

5. N kò fẹ́ kí ọmọ mi jogún irọ́ mi. Nítorí náà ìyàwó káfíńtà ni mo mú ṣe ẹlẹ́rìí, n kò sì ní fi ọwọ́ bo abala kẹta fún un.

Ìfọwọ́sí: télọ̀ ojúlé kejì, ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìí kìíní: olùkọ́ òkè.

Ẹlẹ́rìí kejì: ìyàwó káfíńtà, tí ó ka abala kẹta lẹ́ẹ̀mejì, tí ó fọwọ́ sí i, tí ó sì ní kí n má dín aṣọ òun kù: òun yóò jẹun títí òun yóò fi kún un.